Pélé Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọlọ́rọ̀

Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe ní Fájuyì. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ sára mọ́tò, mo sì ń ya ẹyẹ àti ẹja sẹ́yìn rẹ̀. Ìwé kẹfà ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì kì í béèrè ìwé ẹ̀rí. Ìdí nìyẹn tí àlùfáà wa fi pè mí nígbà tó fẹ́ máa fi àwòrán wàásù. Ó ní àwọn ìyá ìjọ tí kò mọ̀wé pọ̀, pé ohun tí ojú bá rí kì í tètè kúrò lọ́kàn. Ó fún mi ní aṣọ funfun kan tó fẹ̀ bí ẹní, ó ní kí n ya ọlọ́rọ̀ tó wà nínú iná, àti alágbe ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí ajá ń lá egbò rẹ̀.

Alágbe kò yọ mí lẹ́nu. Ojú ọlọ́rọ̀ ni kò rọrùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Mo ń fẹ́ ọmọ Bàbá Ìjọ wa nígbà náà. Bàbá yìí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ará Ìgbẹ́mọ, ti bi mí níwájú ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé ọ̀dà ni ẹ ó máa jẹ?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Nígbà tí mo ya ọlọ́rọ̀ tán, ojú rẹ̀ dán bí àwo, kò tíì jọ ènìyàn. Mo bá fi pélé mẹ́ta mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo ìjọ, Bàbá nìkan ni ìkẹta pélé ọ̀tún rẹ̀ wọ́, nítorí pé ó yí orí nígbà tí olóòlà ń kọ ọ́ ní kékeré. Mo jẹ́ kí ti ọlọ́rọ̀ náà wọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ta aṣọ náà síwájú. Ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú wò ó títí, ó ní, "Ẹ kú ùṣẹ́ o, ọmọ mi. Kí ni Bàbá Ìjọ ń wá nínú iná?"

Ẹ̀rín sọ. Àwọn akọrin ò lè kọrin mọ́. Àlùfáà fúnra rẹ̀ fi ìwé orin bojú. Bàbá kàn jókòó ni, ó tẹjú mọ́ àwòrán náà.

Lẹ́yìn ìsìn, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Èmi nìyẹn?"

"Rárá, sà. Ọwọ́ ló yọ̀."

"Ọwọ́ yọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà?"

Mo yára lọ ká aṣọ náà.

Ọmọ rẹ̀ wá bá mi nísọ̀ lọ́jọ́ kejì. "Bàbá mi ò jẹun láti àná. Bí o kò bá lè sọ òótọ́ fún un, má wulẹ̀ wá tọrọ mi."

Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, sà. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn ló ń dùn mí, mo tún wá purọ́ lé e."

Ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Dìde. Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn, ǹ bá má ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n wàá ya òmíràn. Ọlọ́rọ̀ kò gbọdọ̀ ní ilà. Ìwọ ni kí alágbe jọ."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi wá jókòó sórí agolo ọ̀dà nísọ̀ mi, tó ń pàṣẹ.

"Imú rẹ tóbi ju báyìí lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Fi egbò kan sí orúnkún. Ajá kan ò tó, àna mi."

Ó pè mí ní àna, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo ń ya ajá kejì lọ.

Ajá mẹ́rin ló ń lá mi nígbà tí wọ́n ta aṣọ kejì. Ìjọ rẹ́rìn-ín ju ti àkọ́kọ́ lọ, Bàbá sì ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Ó dìde, ó ní, "Alágbe yìí ń wá ìyàwó. Mo ti gbà fún un." Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín ìjókòó. Ọkùnrin yìí ló kọ́ ìdajì ìjọ wa ní ìwé, èmi ni mo sì sọ ọ́ di ẹni ẹ̀rín lójú wọn. Wọ́n ní kí n dìde, kí n dìde, mi ò tètè dìde.