Ohun Tí Obìnrin Ilé Ò Lè Mú Mọ́ra

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí obì ṣe ń rùn, ẹ wá sílé wa ní Ìlá ní ọjọ́ kẹta tí mo bá ti rẹ ẹ́ sómi. Awọ funfun ara rẹ̀ á ti rà, omi á ti dọ̀tí, èṣinṣin á máa ṣèpàdé lórí rẹ̀. Òórùn yẹn ló tọ́ ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òun náà ló jẹ́ kí n kọ́ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tó dá mi lójú, torí ìwé kẹta alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti jáwọ́, ẹ̀kẹta ọ̀hún gan-an, oorun ni mo fi sùn jù nínú rẹ̀.

Ẹnu ìyàwó àbúrò ọkọ mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Èkó ni wọ́n ń gbé. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ibẹ̀ sì ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, torí a kì í wo ọjọ́ orí nílé ọkọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé. Mo ti gbálẹ̀ àgbàlá yẹn fọ́dún méje kí wọ́n tó gbé e wá. Bó ti wù kó kàwé tó, ìyàwó mi ni. Òun ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó máa ń kí mi bí ẹni tó ń kí gáàdì ilé ìfowópamọ́: á mi orí, á kọjá.

Lọ́dún tí wọ́n wá tún ilé kùn, ọkọ mi ti kú. Ọ̀ọ̀dẹ̀ nìkan ló kù tí mo lè nawọ́ sí nínú ilé yẹn kí n ní tèmi nìyí. Ibẹ̀ ni mò ń kó agbọ̀n obì mi sí, torí ó tutù, obì ò sì bá oòrùn ṣọ̀rẹ́. Wọ́n dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo lọ ra obì sí i ní Ọ̀tan Ayégbajú. Nígbà tí mo fi padà dé, ọ̀ọ̀dẹ̀ ti mọ́ fónífóní. Wọ́n ti kó agbọ̀n mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ẹ̀yìnkùlé, sórí kọnkéré, nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Wọ́n tún ti ká ewé tí mo fi bò wọ́n kúrò, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. Bí ẹni sá aṣọ. Mo mú ẹyọ kan, ó ti hunjọ bí ojú arúgbó. Obì tó bá sì ti hunjọ, oníbàárà kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Mo bi ìyàwó Èkó yìí pé ta ló kó wọn síta. Ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí, ọkọ rẹ̀ tó jẹ iṣu lọ́wọ́ mi títí tó fi jáde ìwé mẹ́wàá, ó sì sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ lójú ewúrẹ́:

“I can't put up with that smell. I can't put up with her.”

Ọkùnrin náà ń wo ilẹ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, òórùn àti èmi ni mo dá mọ̀. Mo wá kó èyí tó kù sórí, bí ẹni tí mọ́tò gbá ṣe ń há nọ́ńbà mọ́tò náà sórí. Pọ́tọ́ọ̀pù wíìtì. Mo ń wí i lẹ́nu títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo ní oníbàárà kan, tíṣà obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì sí Ìrèsì. Nígbà tó wá, mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni kéèyàn mú nǹkan mọ́ra, kó fara dà á. Mo ní ṣé ọ̀rọ̀ rere wá ni. Ó ní kí n dúró ná: ẹnu ẹni tó ń kọ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ jù. “Can't” ló máa ń ṣáájú rẹ̀, tàbí “won't”. Ó ní wọ́n lè sọ ọ́ láìkọ̀, kò sóhun tó ṣe é, àmọ́ ẹni tó ti sú ló sábà ń pè é. Kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nípa ohun tó dùn. Òyìnbó kì í “put up with” oyin.

Mo rò ó nígbà tí mò ń bó obì. Láti ọjọ́ tí obìnrin yìí ti dé ni mo ti ń mú un mọ́ra, n kò sì sọ ọ́ rí. Ẹni tó ń mú nǹkan mọ́ra, ibo ló ti fẹ́ ráyè sọ ọ́? Ẹni tí kò mú nǹkan kan mọ́ra rí ló ń fi ẹnu pè é kiri. Mo ní kí tíṣà kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tó bá jẹ́ pé àwa púpọ̀ la kọ̀. Ó kọ́ mi. Mo ṣa obì tó tóbi jù nínú agbọ̀n fún un.

Mo wá ń dúró. Obì tí wọ́n bò dáadáa lè lo oṣù mélòó kan kó má bàjẹ́. Mo bo inú mi bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún kejì, wọ́n fẹ́ ṣe ìdána ọmọbìnrin ìyàwó mi ará Èkó yìí nílé wa. Ọjọ́ Sátidé ni. Lọ́jọ́rú, mo rẹ báàfù obì méjì, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wọlé. Kò sẹ́ni tó ní kí n má ṣòwò. Mo pe àwọn obìnrin ilé jọ, mo rán wọn létí ọ̀rọ̀ ọdún tó kọjá. Àwa la máa ń mú ọmọ jáde lọ́jọ́ ìdána. Bí ìyálé ò bá dìde, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dìde. Ọ̀kan nínú wọn ní orúnkún ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro òun láti ìsinsìnyí.

Àwọn àna dé láti Ìgbájọ. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọ́n lọ́fínńdà sí afẹ́fẹ́. Ìyá ọkọ ọmọ dúró, ó gbóòórùn lẹ́ẹ̀mejì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ.

“Ta ló lobì yìí? Ó ti tó bó.”

Oko obì ni wọ́n fi tọ́ ọkọ ìyàwó. Obìnrin náà ká apá bùbá rẹ̀, ó lóṣòó, ó ń bá mi bó o. Lọ́fínńdà dákẹ́.

Wọ́n pe ọmọ. A jókòó. Wọ́n tún pè é. Orin ò jáde. Ìyàwó mi sáré wá bá wa pẹ̀lú gèlè rẹ̀, ó ní wọ́n ń pe ọmọ. Kò sẹ́ni tó mira. Ó wá kọjú sí mi. Mo dìde, mo sì sọ ọ́ kí àlejò Èkó lè gbọ́:

“We will not put up with it.”

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wo ara wọn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́,” ni ìyàwó mi wí.

“Ta lẹ̀gbọ́n? Ṣebí ọdún mẹ́ta lo fi jù mí.”

Ojú rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, ibi tí àwọn àna ti ń na ọrùn. Ó kúnlẹ̀, léèsì rẹ̀ sì na gbalaja nílẹ̀. “Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Agbọ̀n mi ńkọ́?”

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà látọdún náà, lábẹ́ páànù; n kò fọwọ́ ara mi kó wọn padà. Ó ń kó wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, láàárín àlejò, títí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Mo ní báàfù ṣì kù. Omi obì dà sí i láyà. Ìyá ọkọ ọmọ fẹ́ bá a gbé e, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní ẹ jẹ́ kó ṣe é, ilé rẹ̀ ni.

Nígbà náà la tó dá orin, a mú ọmọ jáde. Ọmọ ò ṣẹ̀ mí.

Tí wọ́n bá wálé báyìí, ọ̀ọ̀dẹ̀ ló ti ń kúnlẹ̀ kí mi, láàárín agbọ̀n. Èmi náà kì í tètè ní kó dìde. Mo máa ń béèrè ọ̀nà, mo ń béèrè ọmọ, mo ń béèrè òjò Èkó, mo sì ń wo imú rẹ̀. Ó ń mú un mọ́ra. Mo mọ̀, torí n kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.