Iyọ̀ Tí Kẹ́hìndé Lọ Rà

Láyé ọjọ́un, bí lẹ́tà àjèjì bá wọ Igbó-Ọrà, ọ̀dọ̀ Sàrátù tó ń yan gàrí ni wọ́n ń gbé e lọ. Kò mọ̀wé o! Etí ló fi ń dájọ́. Wọ́n á kà á fún un, òun á máa ro gàrí nínú agbada, bó bá ṣe díẹ̀, á ní: "Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti dán jù." Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣìṣe, ìyẹn nígbà tí ọkọ rẹ̀ wá fẹ́ ẹ, tó ní òun ò níyàwó nílé.

Lọ́dún 1992, Akínladé télọ̀ mú lẹ́tà kan dé láti Kótónú. "Ìyá Ìbejì, Igbó-Ọrà" nìkan ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ gbà mí! Bí èèyàn bá pe Ìyá Ìbejì lójú pópó wa, obìnrin méje ni yóò dáhùn. Lẹ́tà náà ti yí ilé mẹ́rin ká kó tó dé ọ̀dọ̀ adájọ́.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rosaline ló kọ ọ́. Ó ní ọkùnrin kan tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ wà nílé òun, kò rántí orúkọ agboolé rẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ ló ń pè ṣáá.

Ọwọ́ Sàrátù dúró. Òun náà bí ìbejì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Kẹ́hìndé nígbà tó kú. Táyé sì ti kúrò nílé láti ọdún méje sẹ́yìn, wọn ò gbúròó rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fò sókè, ó sì bá ọkàn náà wí. Ṣé òun tó ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá yòókù ni yóò wá tètè gbà gbọ́?

Búrẹ́mọ̀, àbúrò ọkọ rẹ̀, rẹ́rìn-ín. "Ìyá Táyé, ta ni ò mọ̀ pé ìbejì pọ̀ nílùú wa? Gbájúẹ̀ ni wọ́n."

"Kà á tán," ni Sàrátù sọ fún Akínladé.

Akínladé kà á: "Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé ṣé Kẹ́hìndé ti ra iyọ̀ dé láti Ìdèrè. Mi ò mọ ohun tó ń wí."

"Ẹ ò rí i?" ni Búrẹ́mọ̀ wí. "Kẹ́hìndé wo? Ìsọkúsọ!"

Ṣùgbọ́n Sàrátù ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. A kì í sọ fún ìbejì pé èkejì rẹ̀ kú. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n sin Kẹ́hìndé, iyọ̀ tán nílé. Táyé ń béèrè ibi tí èkejì òun wà, ọ̀rọ̀ tó sì kọ́kọ́ bọ́ sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ni pé ó lọ ra iyọ̀ ní Ìdèrè. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nídìí ààrò. Ojú tì í láti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ náà.

Ó sunkún títí gàrí fi jóná. "Òótọ́ ni," ló ń wí. "Irọ́ tí mo pa nìyẹn. Ọmọ mi ni."

Ọ̀nà Abẹ́òkúta ni wọ́n ń gbà lọ sí Kótónú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìdèrè ni Sàrátù kọ́kọ́ gun ọ̀kadà lọ. Ó lọ ra iyọ̀.