Igi Kérésìmesì Tí Ìyá Mi Kúnlẹ̀ Fún

Ojú tó tì mí lọ́jọ́ náà, kó má ti ọ̀tá mi bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ti gba ìrìbọmi, tí mo ń jókòó níwájú!

Kò tíì pẹ́ tí rélùwéè dé Ọ̀fà nígbà náà. Ibẹ̀ lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, a sì wà nínú ìjọ kékeré kan tí tísà ará Abẹ́òkúta ń bójú tó. Ìyá mi kì í bá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Igi ìrókò kan wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ tí wọ́n máa ń ró láṣọ funfun, ìdí rẹ̀ ló ti ń tọrọ ohun gbogbo. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tó gbà pé òun á bá mi lọ lọ́jọ́ Kérésìmesì, inú mi dùn dẹ́yìn.

Àṣé wàhálà ni mo ń fà bọ̀. Tísà ti ní ká gbin igi ọsàn kékeré kan sínú ìkòkò, ká gbé e síwájú ìjọ. Ó ní ewé rẹ̀ tí kì í gbẹ nínú ọyẹ́, ìyè àìnípẹ̀kun ni. Ó so fìtílà mọ́ ọn, ó ní Jésù ìmọ́lẹ̀ ayé nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo ró aṣọ funfun mọ́ ọn nídìí, fún ìwà mímọ́.

Bí ìyá mi ṣe wọlé tó rí igi tó ró aṣọ funfun, ó ṣí gèlè, ó kúnlẹ̀ gbì, ó gbé obì sílẹ̀.

"Ẹ ṣeun tí ẹ gba ọmọ mi. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò tíì rí ọmọ gbé pọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíjú wò ó."

Yéè! Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kílẹ̀ lanu gbé mi mì, ilẹ̀ kọ̀.

Tísà sáré dé. "Ìyá, a kì í bọ ọ́ o! Àmì lásán ni. Ọlọ́run là ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ṣé Ó wà níbí?"

"Ó wà níbí, Ìyá."

Ìyá mi kò dìde. Ó mú obì kúrò nídìí igi, ó fi lé tísà lọ́wọ́ pé kó bá òun fún Un. Ló bá kọjú sókè, ó tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látòkè, títí kan pé n kò tíì bímọ, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rín dákẹ́. Nígbà tó parí, gbogbo ìjọ ló ṣe Àmín, àti tísà pẹ̀lú. Èmi tí wọ́n ń tọrọ ọmọ fún, mo fi ìborùn bojú, n kò lè ṣe Àmín.