Nọ́ọ̀sì Tí Wọ́n Ní Kò Gbọdọ̀ Sunkún

Ọdún tí wọ́n kun ilé ìwòsàn wa ní Igbó-Ọrà ní ọ̀dà tuntun, tí wọn ò sì fi nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo kún àwọn tó wà níbẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Oníròyìn ni mí. Mo wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Rónkẹ́ nìkan ló ń gbẹ̀bí ìbejì lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Táíwò jáde, kò mí. Bí Rónkẹ́ ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, Kẹ́hìndé há sọ́nà. Ọwọ́ kan kì í gbé igbá dórí. Igbá méjì ni wọ́n gbé fún ọwọ́ kan. Táíwò yè. Kẹ́hìndé kò dúró.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn náà sọ fún Rónkẹ́ pé, "Nu ojú ẹ. A kì í sunkún ìbejì, kí èyí tó kù má bàa tẹ̀ lé e."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, yàrá ìgbẹ̀bí yẹn kan náà ni wọ́n tún rán an lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò lè wọlé. Wọ́n pè é ní ọ̀lẹ, wọ́n ní àwọn á lé e lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyẹn ló mú kí àwọn nọ́ọ̀sì daṣẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n jókòó sẹ́nu géètì. Aṣojú ìjọba dé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìlú ìbejì lẹ wà, ẹ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí ìbejì?"

Ìyá Bọ́lá, àgbà nọ́ọ̀sì, dìde. "Ọ̀gá, ṣé ẹsẹ̀ la ó fi gba ìkejì ni? Ẹ fún wa lẹ́nìkejì. Ẹ kọ́ wa ní ohun tuntun tí wọ́n fi ń mú ọmọ mí. Kí ẹ sì wá ẹni tí a lè bá sọ̀rọ̀, ọkàn wa ti gbọgbẹ́."

Àwọn ọlọ́kadà tó dúró ń wòran pàtẹ́wọ́. Aṣojú ìjọba náà fajú ro. "Ẹkún lórí ìbejì lẹ fẹ́ máa sun? Èèwọ̀ ni!"

Ìgbà yẹn ni ìyá ọmọ náà gan-an la àárín èrò kọjá, Táíwò wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Èmi ìyá ìbejì ni èèwọ̀ yẹn dè. Ta ló wá fi de nọ́ọ̀sì?" Ó kọjú sí Rónkẹ́. "Èmi ò gbọdọ̀ sunkún. Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi sun ún."

Rónkẹ́ bú sẹ́kún. Aṣojú ìjọba ń wo bàtà rẹ̀.

Wọn ò lé Rónkẹ́ mọ́. Ẹni méjì ló ń gbẹ̀bí ìbejì báyìí, wọ́n sì mú ọmọ rọ́bà wá tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n Rónkẹ́ ò tíì padà sí yàrá ìgbẹ̀bí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń gún. Ọwọ́ rere la pàdánù yẹn. Ẹni tí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ìjọba ní ó ń bọ̀.

Mo bi Ìyá Bọ́lá léèrè láìpẹ́ yìí bí wọ́n ṣe ń fara dà á títí ẹni náà yóò fi dé.

"Ẹ̀yìn táǹkì omi la ti ń sunkún," ó ní. "Bí aláìsàn bá pè wá, àá bọ́jú."