Ìyá Tí Ara Rẹ̀ Yá Nínú Lẹ́tà

Láti ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti ń pè é ní Kálàmù. Bí ọmọkùnrin kan bá fẹ́ kọ lẹ́tà ìfẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà lọ. Bí ọmọbìnrin tí wọ́n kọ ọ́ sí bá sì fẹ́ dáhùn, ọ̀dọ̀ Kálàmù yìí náà ni. Ìgbà kan wà tó fi oṣù méjì gbáko bá ara rẹ̀ jà lórúkọ àwọn méjì tí wọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá àwọn kọ̀wé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ ẹ yìí ló máa bọ́ ẹ."

Ọwọ́ náà bọ́ ọ lóòótọ́. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì, tí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ń bá ṣiṣẹ́ ti kógbá wọlé, ó ríṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan tó ń tajà lórí ẹ̀rọ ayélujára. Ṣọ́ọ̀bù yìí kò ní ilẹ̀kùn tí oníbàárà lè gbà wọlé. Yàrá mẹ́ta ni, lókè ilé ìtẹ̀wé kan. Páálí ọjà kún àkọ́kọ́ dé òrùlé, ọ̀gá wà nínú ìkejì, tábìlì mẹ́rin ni wọ́n sì há mọ́ ara wọn nínú ìkẹta. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún nísàlẹ̀, tíì inú kọ́ọ̀bù Kálàmù á máa gbọ̀n lórí tábìlì.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ ímeèlì tí yóò mú ẹni tí kò ní in lọ́kàn láti rajà rà á. Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló ń kọ ọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ àkọlé tí ojú kò lè fò. Ó mọ̀ pé "Ó ku mẹ́ta péré" lágbára ju "Ọjà wà nílẹ̀" lọ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ pe oníbàárà bí ẹni pé wọ́n jọ dàgbà ládùúgbò kan náà ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ímeèlì kò lójú, ìyẹn ló sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ọ̀gá, ọkùnrin kan tí Kálàmù fi ọdún méje jù lọ, tó sì ń pè é ní Àǹtí, kò ní ju ìmọ̀ràn kan ṣoṣo lọ. "Àǹtí, ẹ má sọ ohun tí ọjà yẹn jẹ́ fún wọn. Ẹ sọ ibi tó ń dùn wọ́n."

Ọ̀dọ̀ Kálàmù ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Aránṣọ ni ìyá yìí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ̀ba lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀, tí kò nà mọ́. Ní àràárọ̀, kó tó kúrò lórí ibùsùn, á kọ́kọ́ fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara rẹ̀ sókè, á wá dúró kí ìrora náà kọjá, bí ẹni tó dúró létí títì kí ọkọ̀ ńlá kọjá. Ìgbà náà ni yóò tó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Dókítà ti sọ pé egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ, pé òògùn lè dín ìrora kù, ṣùgbọ́n ohun tó ti lọ ti lọ. Ìyá kò ráhùn. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá ara le, á ní, "Ara ń bẹ nílé. Ẹ̀yìn nìkan ló rìnrìn àjò."

Ní ọjọ́ Ajé kan, wọ́n kó bẹ́líìtì ẹ̀yìn dé sí ṣọ́ọ̀bù. Rọ́bà àti aṣọ dúdú ni, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ méjì níbi tí ẹ̀yìn máa gbé sinmi. Kálàmù so ọ̀kan mọ́ra, ó rìn yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń rùn bí táyà tuntun. Ó kọ lẹ́tà mẹ́ta nípa rẹ̀, ọ̀gá kò sì gba ìkankan.

"Àǹtí, èyí dà bí ìwé tí wọ́n ń ká mọ́ ìgò òògùn. Ta ló ń dùn?"

Inú bí Kálàmù. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, kò dìde títí àwọn tó kù fi jẹun ọ̀sán tán. Lẹ́tà tó kọ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Màmá mi kì í sunkún. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń dìde láàárọ̀, mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo máa ń ka iye ìgbà tí wọ́n mí." Ó kọ nípa ìgbọ̀nwọ́. Ó kọ nípa bí ìyá ṣe máa ń dúró kí ìrora kọjá. Ó kọ nípa ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀ àfi ìpínrọ̀ ìkẹyìn, níbi tó ti kọ ọ́ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá ti ń so bẹ́líìtì náà, òun ti ibi iṣẹ́ dé, òun sì bá a nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó nà ṣánṣán, ó ń kọrin.

Bẹ́líìtì tán kí ọjọ́ kejì tó parí. Wọ́n tún kó òmíràn dé, ìyẹn náà tán. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún un níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ká má parọ́, inú Kálàmù dùn. Ó ti pẹ́ tí ohun tó kọ ti mú ẹnikẹ́ni ṣe ohunkóhun.

Onídìrí kan tó ń gbé ní yàrá kejì sí tiwọn, tó sì mọ iṣẹ́ Kálàmù, wà lára àwọn tí ṣọ́ọ̀bù náà ń kọ̀wé sí. Òun ló jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ka lẹ́tà náà sí ìyá létí láti orí fóònù rẹ̀, bí ẹni tó mú ìròyìn ayọ̀ wá. Nígbà tí Kálàmù wọlé ní ìrọ̀lẹ́, ìyá ń já ewé ẹ̀fọ́ lórí àga rẹ̀.

"Wọ́n ní mo ti gbádùn," ìyá ní.

"Màmá, iṣẹ́ ni."

"Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Mo kàn ń bi ẹ́ ni. Ìgbà wo ni mo gbádùn?"

Ìyá wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ó dùn mọ́ mi o, jàre. Ibi tí mo ti ń kọrin yẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ohùn tèmi yìí, tó ń lé adìyẹ."

Kálàmù bá a rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kò tíì parí. Onídìrí ti ròyìn fún gbogbo ilé. Láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, á di apá àga mú, á sì na ara rẹ̀. Bí wọ́n bá kí i kú ewu, á ní, "Ẹ ṣeun, a dúpẹ́." Bí wọ́n bá kọjá tán, á tún ká kò bí ewé tó rọ. Ọmọ rẹ̀ bá a níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe báyìí?"

"Wọn ò ní pe ọmọ mi ní òpùrọ́ lójú mi."

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ọ̀gá wá dúró sídìí tábìlì Kálàmù. "Àǹtí, àwọn èèyàn ń béèrè màmá yẹn. Ṣé wọ́n wà lóòótọ́?"

"Wọ́n wà."

"Ẹ jẹ́ ká lọ ya wọ́n ní fọ́tò."

"Ara wọn ò yá."

Ọ̀gá tún sún mọ́ tábìlì. "Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré," ló ní.

Ó yẹ kí Kálàmù kọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé, ó sì fi lọ ìyá, ó ń retí kí ìyá bá òun kọ̀ ọ́. Ìyá ní kí wọ́n máa bọ̀.

Wọ́n dé ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá àti onífọ́tò kan. Ìyá ti wọ aṣọ aláwọ̀ ewéko tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó ti gbé òògùn ìrora méjì mì ní ipò ẹyọ kan, ó sì ti so bẹ́líìtì náà sórí aṣọ, ó fún un pinpin. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa so ó nìyẹn. Wọ́n ní kó dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Wọ́n ní kó tẹ̀ba mú aṣọ nílẹ̀, kó sì nà pẹ̀lú rẹ̀. Ó ṣe é. Wọ́n ní kó tún un ṣe, ìmọ́lẹ̀ kò dára. Ó tún un ṣe.

"Màmá, ẹ tún nà díẹ̀ sí i. Ẹ rẹ́rìn-ín."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá di ogójì. Kálàmù ni wọ́n fún ní pátákó funfun kan pé kó gbé e dání, kí ìmọ́lẹ̀ lè ta sójú ìyá rẹ̀. Láti ibi tó dúró sí, ó rí etí ìsàlẹ̀ aṣọ aláwọ̀ ewéko náà tó ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni kò sí afẹ́fẹ́ nínú yàrá. Ó rí i, ó sì gbé pátákó rẹ̀ dání.

Nígbà tí ìró mọ́tò ọ̀gá ti jìnnà, ìyá ṣì dúró, ó di ẹ̀rọ mú.

"Ṣé wọ́n ti lọ?"

"Wọ́n ti lọ, Màmá."

Ọwọ́ rẹ̀ bá tú lára ẹ̀rọ, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lọ sílẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Kálàmù, tó jẹ́ káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, ló sáré wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó lórí. Òun ló gbé ìyá dé ilé ìwòsàn. Dókítà fi àwòrán egungun hàn wọ́n, ó fi bírò tọ́ka sí ibi méjì tó ti sán. Ó ní ìyá kò ní rìn mọ́. Nígbà tí àwọn ọmọ méjèèjì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n béèrè pé, "Ta ló ní kí Màmá dúró?"

"Bọ̀ọ̀dá, Màmá fúnra wọn ló ní kí ọ̀gá mi máa bọ̀."

"Mi ò bi ẹ́ ní ìyẹn."

Kò tún bi í ní nǹkan kan. Láti ìgbà náà, ọ̀sán tí Kálàmù bá wà níbi iṣẹ́ ló ń wá kí ìyá wọn, á sì ti lọ kí àbúrò rẹ̀ tó dé.

Fọ́tò náà jáde ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ó dára gan-an. Láàárín àwọn tó fèsì ni bàbá kan wà.

"Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́," ó kọ. "Bíríkìlà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo rí fọ́tò màmá yín, inú mi dùn fún wọn. Ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti ń so tèmi, mi ò sì rí ìyàtọ̀. Bóyá mi ò so ó dáadáa ni. Mo ti dá lílọ sí ilé ìwòsàn dúró, torí mo rò pé èyí á tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè lọ́wọ́ màmá bí wọ́n ṣe ń so tiwọn."

Kálàmù kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kọ̀wé sí i pé: "Bàbá, ẹ padà sí ilé ìwòsàn lónìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màmá mi so ó. Wọn ò lè dìde mọ́." Ó gbé ìka lé e láti fi ránṣẹ́. Ó wá ro òògùn ìyá, tó ń tán ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó rò pé gbogbo èsì ni ọ̀gá lè rí. Ó pa èsì náà rẹ́, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn wá síwájú. Àwọn èsì kan wà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún irú ìbéèrè báyìí. Ó mú ìkẹrin: "Ara ò dọ́gba. Ẹ mú sùúrù, ẹ tún lò ó fún oṣù kan sí i." Ó fi ránṣẹ́.

Bàbá bíríkìlà dáhùn ní ọjọ́ kejì. "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Ẹ bá mi kí màmá." Ó sì ti ra òmíràn, èyí tó fẹ̀ jù.

Oṣù méje ni ìyá lò lórí ibùsùn. Kálàmù ló ń wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀, tó ń yí i padà kí ara rẹ̀ má baà bó, tó ń gbé omi sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé, kó tó lọ sí ibi iṣẹ́. Ìyá kò sọ̀rọ̀ bẹ́líìtì rí. Kò bú u, kò sì ní kó má banú jẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, ó ní, "Ka nǹkan fún mi."

"Kí ni kí n kà, Màmá?"

"Ohunkóhun. Kó ṣáà má jẹ́ èyí tí ìwọ kọ."

Kálàmù wá inú ilé títí, kò rí ju ìwé tó bá ẹ̀rọ ìránṣọ wá lọ. Ó ka bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, bí wọ́n ṣe ń da òróró sí i. Ìyá di ojú, ó ń gbọ́. Ó dà bí ẹni pé ó tù ú lára.

Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Níbi ìsìnkú, gbólóhùn kan ni ẹ̀gbọ́n bá Kálàmù sọ: "Sún sẹ́yìn, wọ́n fẹ́ gba ibẹ̀." Onídìrí sunkún ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé ara ìyá ti ń yá tẹ́lẹ̀, pé bẹ́líìtì yẹn ń ṣiṣẹ́, pé òun fi ojú ara òun rí i.

Nígbà tí Kálàmù padà sẹ́nu iṣẹ́, ó wọlé lọ bá ọ̀gá. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ yọ lẹ́tà náà àti fọ́tò náà kúrò. Ọ̀gá bá a kẹ́dùn. Ó fún un ní àga. Ó ní lẹ́tà yẹn ló ń tà jù nínú gbogbo ohun tí àwọn ní, pé àwọn ti ṣètò rẹ̀ kó máa lọ fúnra rẹ̀ sọ́dọ̀ gbogbo ẹni tuntun, ní ọjọ́ kẹta tó bá fi orúkọ sílẹ̀.

"Àti pé, Àǹtí," ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ó sì dájú pé ó gbà á gbọ́, "ṣé ẹ ò rí i pé ibẹ̀ ni Màmá á ti máa wà láàyè?"

Kálàmù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sí tábìlì. Ìkòkò onídèérí ni wọ́n ń tà lọ́sẹ̀ yẹn, ó sì kọ lẹ́tà rẹ̀.

Ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Nígbà kan tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀, ó wá orúkọ bàbá bíríkìlà nínú ìwé àwọn oníbàárà. Ẹ̀rọ máa ń fi hàn bí èèyàn bá ṣí ímeèlì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Ó wo oṣù kan sẹ́yìn, ó wo méjì, ó wo títí dé oṣù mọ́kànlá. Bàbá kò ṣí ọ̀kankan mọ́ láti ìgbà náà. Ó fẹ́ yọ orúkọ náà kúrò, ṣùgbọ́n ọ̀gá nìkan ló lè yọ orúkọ. Ó ti ojú ìwé náà pa. Kò tíì kọ lẹ́tà ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ sì ti pọ́n.