Ìyá Tó Dé Fìlà

Nínú agboolé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, àǹtí mi Karimat nìkan ló fẹ́ di dókítà. Láàárọ̀, á kàwé. Lọ́sàn-án, á lọ máa ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kan ní Bẹẹrẹ. Èmi àbúrò rẹ̀ ni mo máa ń dán an wò, torí èmi nìkan ló lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ kó má gbá mi létí.

Bàọ́lọ́jì ò le fún un. Apá ìdánwò àtiwọlé ẹ̀kọ́ dókítà tó ń bà á lẹ́rù ni èyí tí wọ́n ti ń béèrè pé: aláìsàn ṣe báyìí, kí ló tọ́ kí dókítà ṣe? Nígbà tí ìbéèrè inú ìwé tán, ó ń fi ohun tójú ẹ̀ ń rí ní ṣọ́ọ̀bù ṣe tirẹ̀, á sì pa ẹni tọ́rọ̀ kàn dà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo gba ìwé ẹ̀, mo kà á: "Ìyá kan wá ra oògùn àtọ̀gbẹ. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Ó ki oògùn náà bọ inú fìlà, ó dé e, ó lọ."

"Àǹtí mi, ìyá wo ló ń dé fìlà?"

Ó wo ìwé náà. Ó ti fi ìyá rọ́pò bàbá, ó gbàgbé fìlà. Ta ni ò mọ Bàbá Fàsásì aránfìlà, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa? Inú fìlà ni wọ́n ń kó gbogbo nǹkan sí, títí dórí obì.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o."

"Ẹnu mi ti tì pa bí ṣọ́ọ̀ṣì ọjọ́ Mọ́ńdè."

N ò sì sọ. Àwàdà ni mo ṣe. Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí, mo kúnlẹ̀ lójú gbogbo agboolé: "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Oníṣúgà." Mo rò pé á dùn bí oríkì.

Ìyàwó ọmọ wọn rẹ́rìn-ín. "Ṣúgà wo? Ṣé àtọ̀gbẹ ń ṣe yín ni, Bàbá?"

Bàbá ò wò mí. Karimat tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n wò. Wọ́n wọlé lọ.

Ojú tì mí. Karimat ò bú mi. Ó kàn ní, "Ó yá, kí ló tọ́ kí dókítà ṣe?"

A jọ lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Mo ní èmi ni mo ṣẹ̀. Karimat dá mi dúró. "Bàbá, èmi ni. Ẹ fi àṣírí sí mi lọ́wọ́, mo kọ ọ́ sínú ìwé."

Fìlà ni wọ́n ń rán, wọn ò gbójú sókè. "Mo ti gbọ́. Ẹ dìde. Ọlọ́run á jẹ́ kí o yege." Wọ́n já òwú. "Ṣùgbọ́n Mọ́lété ni n ó ti máa ra oògùn mi báyìí."

Karimat ní, "Bàbá, Mọ́lété tó jìnnà yẹn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń dùn yín? Ẹ jẹ́ kí n máa bá yín rà á."

Wọ́n mi orí pé rárá. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ súnmọ́ ojú, wọ́n ń ki òwú, kò wọlé. Wọ́n tún kì í, kò wọlé. Nínú àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó láyà láti sọ pé kí wọ́n mú un wá ká bá wọn ki òwú náà.