Epo Ọdọọdún

Lọ́dọọdún, bí a bá ti ta kòkó tán, bàbá mi á di kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan àti iṣu tó dára jù mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, á gbé mi síwájú, a ó sì kọrí láti Omífúnfún sí Odígbó. "Ilé bàbá yín àgbà" ló ń pè é. Mo gbà á gbọ́, kí ló dé tí n kò ní gbà? Bàbá arúgbó tó ni ilé náà á gbé mi lé itan, á ní, "Ọma ulí mi rèé," pé ọmọ ilé òun ni mí. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin á máa pe bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí mo fi máa wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Òrè, bí wọ́n bá bi mí pé ọmọ ibo ni mí, ọmọ Odígbó ni mò ń jẹ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, èmi àti ẹ̀ ló máa jọ wọ̀yá ìjà.

Bàbá arúgbó kú, ọmọ rẹ̀ jókòó sípò rẹ̀. Bàbá mi kò jẹ́ kí epo yẹ̀ lọ́dún kankan.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi náà kú. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló bẹ̀ wá: kí a sin òun sẹ́yìn ilé tí wọ́n bí òun sí ní Omífúnfún. "Ẹ má gbé mi lọ síbi tí n kò mọ̀," ó ní.

Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo lọ sí Odígbó láti sọ fún ẹni tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó ní, "Ẹ gbé e lọ sílé yín."

"Ilé wo, bàbá?"

"Lápá Ẹdẹ, níbi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Àtìpó kì í sin òkú sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Bí a bá gbà, lọ́la ẹ ó máa nawọ́ sí sàréè, ẹ ó ní ilẹ̀ yín nìyẹn."

Mo ní, "Ṣebí bàbá yín ń pè wá ní ọma ulí."

Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé. "Ta ni ọmọ ilé tó ń san ìṣákọ́lẹ̀?"

Ìṣákọ́lẹ̀! Ohun tí àtìpó ń gbé fún onílẹ̀, kó má bàa gbàgbé pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Gbogbo epo yẹn, gbogbo iṣu yẹn. Inú bí mi débi pé n kò mọ ẹni tí mo ń bínú sí, ọkùnrin yìí ni, àbí bàbá mi tó mọ̀, tó sì ń pè é ní àbẹ̀wò. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

A gbé e lọ sí Ẹdẹ. Wọ́n gbà wá dáadáa, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àbúrò mi ń fi èdè Ìkálẹ̀ tí a ń sọ lọ́dọ̀ wa sunkún, mo gbọ́ tí obìnrin kan sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Àwọn ará Oǹdó tó gbé òkú wá nìyẹn." Àárín àwọn tí kò bá a jẹun rí la sin bàbá mi sí.

Wọ́n ti tún ta kòkó tán báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin Odígbó yẹn pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. "Ọma mi, a ò tíì rí yín lọ́dún yìí o." Kò dárúkọ epo. Orí ilẹ̀ rẹ̀ ni àbúrò mi ti ń jẹun, kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo rọ epo kún kẹ́ẹ̀gì.

Ọmọbìnrin mi ti wọ aṣọ tuntun rẹ̀, ó dúró ti ọ̀kadà. "Màámi, ṣé ilé bàbá àgbà là ń lọ?"

Ó rọrùn láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí bàbá mi ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn.

"Rárá," mo ní. "Ilé onílẹ̀ wa ni. Ìṣákọ́lẹ̀ la fẹ́ lọ san."

Ó wo kẹ́ẹ̀gì náà, ó wò mí, ó sì wọlé lọ bọ́ aṣọ tuntun rẹ̀.